Ọjọ́ Kò Jẹ̀bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ìṣẹ̀lẹ̀ Tí Wọ́n Pàdé ní Ọjọ́ Kan Náà

 

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú wá láti Mile 12, tí ó kọjá ní Kẹ́tù, tí ó sì dé Ọjọ́ta, yóò rí ère ńlá kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 46. Ère Olóyè Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá ni. Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé ni ó ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2018. (Ọ̀rọ̀ ère gbígbẹ́ ní ìdájọ́ tirẹ̀ nínú Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kọ́ nìyí.) Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ní Abuja, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi oyè GCFR, èyí tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, dá olóògbé náà lọ́lá.

Láti ọdún 2019 ni ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní June 12, ti di ọjọ́ ìsinmi fún ìjọba tiwa-n-tiwa, dípò ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún. Bí ó bá ti ń súnmọ́ etílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti níwájú ìsọ̀ ní Ìkòsì. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé nǹkan kan wà nínú ọjọ́ yìí. Ẹlòmíràn a ní ọjọ́ náà ni wọ́n dájọ́ fún Mandela. Ẹnìkẹta a mú ti ọjọ́ 29, oṣù keje wá, ẹnìkẹrin a mú ti ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní. Kí wọ́n tó dìde, ọjọ́ kan ti di ọjọ́ ẹ̀jẹ̀, òmíràn ti di ọjọ́ oríire, ẹnìkan láàrin wọn sì ti pinnu pé òun kò ní í dá ọjọ́ yìgì òun sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó kan ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí, ó sì tún kan ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí: ta ni ó jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀?

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ mọ ìtàn náà bí ó ti rí. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1964, ní ìlú Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, Adájọ́ Quartus de Wet dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún Nelson Mandela àti àwọn méje mìíràn, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti ba nǹkan ìjọba aláwọ̀ funfun jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ahmed Kathrada, ọmọ ilé Mùsùlùmí tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Òmíràn nínú wọn, Denis Goldberg, aláwọ̀ funfun ni, èyí tí ó yẹ kí ó ya àwọn tí ń fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́ lẹ́nu. Ohun tí àwọn tí ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ibi kì í rántí ni pé ikú ni àwọn ènìyàn ń retí fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wọ́n ti múra sílẹ̀ de okùn. Nígbà tí adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n gbére ni, ńṣe ni ọkàn ẹlòmíràn nínú àwọn ẹbí wọn balẹ̀. Mandela lo ọdún 27 ní àhámọ́, ó jáde ní ọdún 1990, ó sì di ààrẹ ní ọdún 1994. Bí ènìyàn bá fẹ́, ó lè pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìyọnu. Ó sì lè pè é ní ọjọ́ tí orí kó wọn yọ lọ́wọ́ ikú. Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò sọ èyí tí òun jẹ́.

Ní ọdún 1993, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ 12, oṣù kẹfà bọ́ sí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde láti yan ààrẹ. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá tí ẹgbẹ́ SDP fà kalẹ̀, Mùsùlùmí ni Babagana Kingibe tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, Mùsùlùmí náà sì ni Bashir Tofa tí ẹgbẹ́ NRC fà kalẹ̀. Síbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, Yorùbá, Hausa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, dìbò fún ẹni tí ó wù wọ́n. Ìbò Abíọ́lá ju mílíọ̀nù 8 lọ. Ti Tofa kò pé mílíọ̀nù 6. Àní Abíọ́lá borí ní ìpínlẹ̀ Kano tí í ṣe ilé Tofa. Ìjà kò bẹ́ sílẹ̀, àpótí ìbò kò di ohun àjígbé, títí di òní sì ni ọ̀pọ̀ ń pè é ní ìdìbò tí ó mọ́ jù lọ nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa. Ọjọ́ rere ni, bí a bá ń fi iṣẹ́ ènìyàn wo ọjọ́. Ìbàjẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbàjẹ́ dé, ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wọ́gi lé ìdìbò náà nípasẹ̀ ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí.

Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ 23 yìí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọdún 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha mú un ni ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ọdún kan gééré sí ọjọ́ tí wọ́n wọ́gi lé ìbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá àwámáàrídìí yóò ní ọjọ́ 23 ni ọ̀tá ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ni ó mú un, ìjọba ni ó sì rán ọlọ́pàá.

Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n ń kà pẹ̀lú èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1960. Nígbà tí ó di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní ọdún 1963, ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú. Nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Alhaji Shehu Shagari ní ọdún 1979, ọjọ́ kan náà ni. Kò sí àwámáàrídìí níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò ìjọba ni wọ́n ń wo ìwé tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ. Ọjọ́ náà ni Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Buhari ní ọdún 1985. Nígbà tí ó dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí Ọ̀ṣun wà nínú wọn, ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ ni. Nígbà tí ìjàngbọ̀n ìdìbò 1993 sì lé e kúrò lórí àlééfà, tí ó gbé ìjọba fìdíẹ kalẹ̀ fún Olóyè Ernest Ṣónékàn, ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ ni, ó ku ọjọ́ kan péré. Ọkùnrin kan ni ó sọ ọjọ́ kan di tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i tí ó ní ìràwọ̀ ni ó ṣe é dà bí ẹni tí ó rí ẹsẹ̀ bàtà nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ó ní ẹrọ̀fọ̀ ni ó rìn.

Ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní ní àlàyé tirẹ̀. Ní ọdún 1966 ni àwọn ọ̀dọ́ ológun kan dìtẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí wọ́n pa Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, Sardauna Ahmadu Bello, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá àti àwọn mìíràn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1970, ni àwọn aṣojú Biafra wá sí Dodan Barracks ní Èkó láti túúbá, tí ogun abẹ́lé sì parí. Ẹ wò ó: ọjọ́ tí iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ni ọjọ́ tí wọ́n paná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọjọ́ yìí di ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú. Bí ọjọ́ kan bá lè gba ìpànìyàn, kí ó gba àlàáfíà, kí ó sì tún gba ìrántí, orúkọ wo ni a ó wá sọ ọ́ nínú rere àti búburú?

Ti ọjọ́ 29, oṣù keje ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1966, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, jẹ́ àlejò Ajagun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, ní Ìbàdàn. Àwọn ológun tí wọ́n dìtẹ̀ mú àlejò àti olùgbàlejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Láti inú rúkèrúdò yẹn ni Yakubu Gowon ti di olórí. Ọdún mẹ́sàn-án gééré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1975, Gowon wà ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda fún ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà, nígbà tí àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ó ti kúrò lórí oyè. Murtala Muhammed ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn ní ti 1975. Ọjọ́ kan náà, ìṣe méjì tí kò jọra. Ohun tí ó sì fún àwọn olùdìtẹ̀ kejì ní àyè ni pé ọ̀gá wọn kò sí nílé; bí ìpàdé Kampala bá jẹ́ oṣù mìíràn ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí máa sọ̀rọ̀ ọjọ́ 29.

Àpẹẹrẹ kan tí àwọn ọmọdé wa kò mọ̀ sì nìyí. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ náà gan-an ni àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilé ìwé Kẹ́tù àti Ògùdù a máa yan bí ológun, wọn a jẹ súìtì, wọn a padà sílé láìmọ̀ pé ọjọ́ ìbí ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe. Ọjọ́ ayọ̀ kì í gba àròkọ bí ọjọ́ ìbànújẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣa ẹ̀jẹ̀ nìkan nínú kàlẹ́ńdà, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tún wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ inú ọdún kò ju 366 lọ, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láyé kò sì lóǹkà. Báwo ni wọn kò ṣe ní í pàdé? Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi hàn pé bí ènìyàn 23 péré bá péjọ, ó súnmọ́ kí méjì nínú wọn jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà ju kí ó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tó 60, ó fẹ́rẹ̀ dájú. Kí àwọn ọ̀dọ́ dán an wò ní ìpàdé wọn ọjọ́ Àìkú, kí kálukú wọn kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn méjì tí ọjọ́ wọn bá ṣe rẹ́gí ti di ìbejì.

Bí ìṣirò kò bá sì tó, kí á béèrè pé kàlẹ́ńdà ta ni? Ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993 bọ́ sínú oṣù Dhul-Hijjah ọdún Híjírà 1413. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a ṣe Iléyá. Ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2018 tí wọ́n ṣí ère Ọjọ́ta jẹ́ ọjọ́ 27 Ramadan ọdún 1439. Ní ìṣirò òṣùpá, ọjọ́ méjèèjì kò ní nǹkan kan ṣe pọ̀. Ó tó bí ọdún 33 kí kàlẹ́ńdà oòrùn àti ti òṣùpá tó tún súnmọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé tẹ́lẹ̀, èyí ni ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2026, June 12 tún wà nínú Dhul-Hijjah, ti ọdún 1447. Ọjọ́ tí agbára wà nínú rẹ̀, ṣé yóò máa béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bóyá kàlẹ́ńdà Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó ni kí òun fi ṣiṣẹ́?

Àwọn ará wa kan náà kò gbẹ́yìn nínú àsọdùn yìí. Wọ́n a ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún tí Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ ológun ní ọdún 1999 ni ọjọ́ tí Sultan Muhammad al-Fātih ṣẹ́gun Constantinople, tí í ṣe Istanbul lónìí, ní ọdún 1453, pé àmì ni fún àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n kò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń lò ní ọdún 1453 kọ́ ni èyí tí ó wà lára ògiri lónìí. Ní ọdún 1582 ni Póòpù Gregory Kẹtàlá tún un ṣe, tí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá fi di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́jú, tí ọjọ́ 10 sì poórá láàrin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á títí di ọdún 1752. Bí a bá fi òǹkà ti òde òní wo ọjọ́ ìṣẹ́gun náà, ọjọ́ 7, oṣù kẹfà ni. Ní ti Híjírà, oṣù Jumādā al-Ūlā ọdún 857 ni ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Mùsùlùmí, oṣù Safar ọdún 1420 sì ni ìjọba ológun lọ. Ìṣẹ́gun Sultan kò dínkù nítorí èyí. Àgbékalẹ̀ ogun rẹ̀, ìbọn ńlá tí ó rọ, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ó mú gba orí ilẹ̀ kọjá ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ kà nípa rẹ̀.

Oṣù Safar tí a dárúkọ yìí, oṣù tí àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan ń sá fún ni. Wọ́n gbà pé ibi ni ó ń gbé wá. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fẹ́ gbéyàwó nínú oṣù Shawwāl pẹ̀lú. Ìyá wa Āʾisha sì ṣàlàyé, nínú ohun tí Muslim gbà wá, pé oṣù náà gan-an ni Ànábì fẹ́ òun, nínú rẹ̀ náà sì ni òun wọ ilé rẹ̀, kò sì sí ìyàwó tí ó ní oríire lọ́dọ̀ rẹ̀ ju òun lọ. Kí ẹni tí ń dá ọjọ́ yìgì ká èyí mọ́ra. Kí àwọn tí ń fa ìtumọ̀ yọ nínú orúkọ ọjọ́ Yorùbá náà gbọ́: àwọn kan a ní ọjọ́ Ẹtì ni nǹkan ń tì, ọjọ́ Rú ni nǹkan ń rú. Ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni Jímọ́ọ̀, tí ó lọ́lá jù lọ nínú ọjọ́ tí oòrùn ń yọ.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́dínà. Ibrahim, ọmọ Ànábì láti ọ̀dọ̀ Māriya, kú ní kékeré, kò tíì pé ọdún méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀sán dòru, tí oòrùn ṣókùnkùn. (Àwọn tí wọ́n wà ní Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2006 lè fojú inú wo bí yóò ti rí.) Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nítorí ikú ọmọ Òjíṣẹ́ ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì, ọjọ́ kan náà, wákàtí tí ọkàn bàbá gbọgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọlá ni ó ń wá, kò ju kí ó dákẹ́ lọ. Kò dákẹ́. Ó kó àwọn ènìyàn jọ, ó kí ìrun, ó sì là á yé wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí nítorí ìbí rẹ̀. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Bí ikú ọmọ Ànábì kò bá fa oòrùn mọ́ra, kí ni ti ààrẹ tàbí ọ̀gágun?

Ọ̀dọ́ tí ó bá kéwú dáadáa lè dìde pé: “Ẹ jọ̀wọ́, Àáfà, ṣé Àlùkùránì kò pe àwọn ọjọ́ tí ìjì pa ìran Ād ní ọjọ́ burúkú ni?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Sūrah Fussilat. Ṣùgbọ́n ta ni ọjọ́ náà burú fún? Ànábì Hūd àti àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ wà láyé ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, Ọlọ́hun sì gbà wọ́n là. Ìwà Ād ni ó ba ọjọ́ Ād jẹ́. Bákan náà ni ọjọ́ Ashura, ọjọ́ kẹwàá Muharram: òkun kan náà ni ó la ọ̀nà fún Mūsā tí ó sì gbé Firiaonu mì. Ànábì bá àwọn Júù Mẹ́dínà tí wọ́n ń gbààwẹ̀ ọpẹ́ ní ọjọ́ náà, ó gbà á, ó sì ní kí Mùsùlùmí gbà á. Ní ọjọ́ kẹwàá Muharram ọdún 61 ni wọ́n pa Husayn, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní Karbala. Ìgbàlà àti ìpànìyàn pàdé. Ààwẹ̀ kò di ọ̀fọ̀ nítorí ti èkejì, ọ̀fọ̀ kò sì di àjọ̀dún nítorí ti èkíní. Ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún ni òdìdì ìwé tí àwọn oníwáàsí ń kà ní alẹ́ ọjọ́ náà, pé ọjọ́ yẹn ni a dárí ji Ādam, ọjọ́ yẹn ni a yọ Ibrahim nínú iná, ọjọ́ yẹn ni Yūnus jáde nínú ẹja. Àwọn onímọ̀ hadisi bí Ibn al-Jawzī ti ka irú àwọn ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn èyí tí wọ́n hun. Ó jọ pé ènìyàn kì í fẹ́ kí ọjọ́ ńlá dá wà. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹgbẹ́ fún un, bí kò bá sì rí, yóò dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ó ní ọlá nínú ẹ̀sìn wà, kò sí ẹni tí ó jiyàn rẹ̀. Ànábì gbààwẹ̀ ọjọ́ Ajé nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí i, ọjọ́ náà sì ni ìmísí sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ọlọ́hun sì pàṣẹ fún Mūsā pé kí ó máa rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí àwọn ọjọ́ Ọlọ́hun. Rírántí kò léèwọ̀. Èyí tí kò dára ni kí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, kí á gbé e lé ọjọ́ lọ́rùn. Nínú hadisi, Ọlọ́hun bínú sí ọmọ Ādam tí ń bú ìgbà, nítorí pé ọwọ́ Rẹ̀ ni òru àti ọ̀sán wà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ June 12 ti wá kan àwọn ọ̀dọ́ Kosofẹ́. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ ọjọ́ àyànmọ́ ibi, tí ó ti wà nínú ìràwọ̀ láti ìgbà Mandela, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó wọ́gi lé ìdìbò. A jẹ́ pé àwọn tí ìbọn ológun pa ní ìgboro Èkó nínú oṣù keje ọdún 1993, nígbà tí wọ́n jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, kàlẹ́ńdà ni ó pa wọ́n. A jẹ́ pé Alhaja Kudirat Abíọ́lá, tí wọ́n yìnbọn fún nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996, oṣù kẹfà ni ó yìnbọn fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó rọ àwọn alágbára lọ́rùn ni. Kò sí ọ̀gágun tí kò ní í fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú gbà pé ọjọ́ ni ó ṣe é. Ọ̀dọ́ tí ó bá sì gba èyí gbọ́ kò ní í rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun dúró lórí ìlà ní ọjọ́ ìdìbò mìíràn, tàbí kí òun béèrè ìbò òun lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e.

Àwọn tí wọ́n dúró lórí ìlà ní Kẹ́tù àti Ìkòsì ní Àbámẹ́ta ọjọ́ yẹn ṣì ń bẹ láàrin àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 20 nígbà náà ti kọjá 50. Dípò kí ọmọdé máa ka ìràwọ̀, kí ó lọ jókòó ti irú bàbá tàbí ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àṣámù, kí ó bi í léèrè ibi tí ó ti dìbò, ohun tí ó rí, àti bí ara rẹ̀ ti rí ní ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ikú tó mú un lọ.

Nítorí pé ẹni tí ó wọ́gi lé e ti sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 2025, ní Abuja, Ọ̀gágun Babangida ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ó gbà nínú rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó borí ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, ó sì gbà pé lábẹ́ àkóso òun ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, pé ọrùn òun ni ẹ̀bi náà wà. Kò dárúkọ ìràwọ̀ kankan. Ọjọ́bọ̀ kan lásán ni, tí ó kù díẹ̀ kí àwẹ̀ Ramadan wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi àmì sí nínú kàlẹ́ńdà rí. Abíọ́lá ti lo ọdún 26 nínú sàréè ní ọjọ́ náà, Kudirat sì ti lo ọdún 28.